Bí mo ṣe fún àníyàn ní àkókò tirẹ̀

Alẹ́ ni àníyàn máa ń bá mi jà jù. Bí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ báyìí, gbogbo ohun tó lè dàrú lọ́la á bẹ̀rẹ̀ sí í tò wá sọ́kàn mi: iṣẹ́ tí mi ò tíì parí, gbèsè, inú rírun lásán tí mo ti sọ di àrùn ńlá. Àyà mi á máa lù kìkì. Àwọn èèyàn mi á ní kí n má ronú mọ́. Ìfẹ́ ló ń mú wọn sọ ọ́, àmọ́ èrò tí èèyàn bá ń fipá lé, ṣe ló máa ń padà wá.

Dókítà tí mo lọ bá kọ́kọ́ fún mi ní ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń díwọ̀n àníyàn, tí wọ́n ń pè ní GAD-7. Ìbéèrè 7 ló wà níbẹ̀, lórí bí nǹkan ṣe rí fún èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀ 2 tó kọjá. Máàkì 21 ni gbogbo rẹ̀. Bó bá ti tó 10, ó yẹ kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. Tèmi kọjá 10. Dókítà náà ló sọ fún mi nípa ọ̀nà tí Thomas Borkovec, onímọ̀ ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1983: kí èèyàn ya ìdajì wákàtí sọ́tọ̀ lójoojúmọ́, ní àkókò kan náà, níbì kan náà, kó fi ṣàníyàn. Èyí tó bá yọjú ṣáájú, kó dúró de àkókò rẹ̀.

Mo mú ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oorun ṣì jìnnà, mo sì yan àga kan tí n kì í fi sinmi. Ìwé kékeré kan ń wà lápò mi. Bí àníyàn bá dé lọ́sàn-án, màá kọ ọ́ ní ìlà kan, màá sì padà sídìí ohun tí mò ń ṣe. Ẹ má fojú kéré kíkọ yẹn. Nígbà tí mo kàn ń sọ fún ara mi pé "ó dìrọ̀lẹ́", ọkàn mi ò gbà, àfi bíi pé ẹ̀rù ń bà á pé màá gbàgbé. Ìgbà tó wọnú ìwé ló tó fi mí sílẹ̀.

Bí àkókò bá tó, màá ṣí ìwé, màá sì bi ìlà kọ̀ọ̀kan léèrè: ǹjẹ́ ohun kan wà tí mo lè ṣe sí i? "Bí owó ilé ò bá pé ńkọ́?" Ó wà: kí n pe onílé lọ́la, kí n sọ òótọ́ fún un. Màá kọ ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Bí àìsàn bá kọlu ìyá mi lójijì ńkọ́?" Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí ìyẹn lálẹ́ òní. Màá jókòó tì í, mi ò ní sá fún un, mi ò ní bá a jà, títí agbára rẹ̀ á fi dín kù. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe ń kú fúnra wọn kí ìrọ̀lẹ́ tó dé. Bí aago bá ti dún, mo pa ìwé dé, bí kò tiẹ̀ tíì tán.

Àníyàn mìíràn wà tó jẹ́ pé ara ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Adrenaline, èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà tí ẹ̀rù bá bà á, á ti ya wọnú ẹ̀jẹ̀, ọkàn á máa sáré, ìwé ò ran ìyẹn. Èémí ni mo fi ń kojú rẹ̀: màá fà á sínú, màá kà á dé ẹ̀rin, màá tú u jáde pẹ̀lẹ́, màá kà á dé ẹ̀fà. Ìtújáde tó gùn yẹn ló ń dín eré ọkàn kù. Lórí ibùsùn, mo ń ṣe ohun tí dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Edmund Jacobson, kọ sínú ìwé rẹ̀ ní 1929: màá di ẹ̀ṣẹ́ kí ó le, màá tú u, lẹ́yìn náà èjìká, ojú, ikùn, títí dé ẹsẹ̀. Mo tún jáwọ́ nínú kọfí lẹ́yìn ọ̀sán, torí kaféènì fúnra rẹ̀ lè mú àyà máa lù, kí èèyàn rò pé ewu ti dé.

Mo ṣì ń dáhùn àwọn ìbéèrè GAD-7 lóòrèkóòrè. Bí máàkì bá tún gòkè, ọ̀dọ̀ dókítà ni mò ń padà sí. Ẹni tí àníyàn ò bá jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ mọ́, tàbí tí èrò àtipa ara rẹ̀ bá ń wá sọ́kàn rẹ̀, kó má gbára lé ìwé àti èémí nìkan. Kó lọ rí dókítà lónìí.