Bí a ṣe ń fi orin ṣèrántí ọ̀gá jazz tó kọ́ni níṣẹ́: ẹ wo ti Art Blakey

Ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 1990 ni Art Blakey kú ní New York. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 22, àwọn tó ti bá a ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, Jazz Messengers, ti pé sí ṣọ́ọ̀ṣì Abyssinian Baptist ní Harlem, wọ́n ń fi orin dágbére fún un. Lára ohun tí wọ́n lù ni "Moanin'" ti Bobby Timmons, "Along Came Betty" ti Benny Golson àti "One by One" ti Wayne Shorter. Kò sí èyí tí Blakey fúnra rẹ̀ kọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Onílù ni, àwọn ọmọ tó bá gbà sínú ẹgbẹ́ ló máa ń ní kí wọ́n gbé orin wá. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ṣèrántí ọ̀gá tó kọ́ yín, ì báà ṣe Blakey tàbí ẹlòmíì, orin tó jáde lábẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kó jọ. Ẹ má fi mọ sórí èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Orin méje tó fún wákàtí kan àbọ̀. Èèyàn márùn-ún lè gbé orin Blakey: trumpet, saxophone tenor, dùùrù, bass àti onílù. Bí ẹ bá ní trombone, ẹ fi kún un, torí Curtis Fuller bẹ̀rẹ̀ sí í fọn ọ́n nínú ẹgbẹ́ náà ní 1961. Ẹ pín ìwé orin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, kí ó sì jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló kọ gbogbo rẹ̀. Bí kálukú bá lọ wá tiẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kíì, ìyẹn ohùn tí a gbé orin lé, á dàrú. "Moanin'" wà ní F minor fún dùùrù, bass àti trombone. Torí pé ohùn tí trumpet àti saxophone ń fọn jáde yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń kà nínú ìwé, G minor ni trumpet àti tenor máa kà níwájú wọn. Saxophone alto máa ka D minor.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí "Moanin'", torí òun ni gbogbo èèyàn mọ̀, òun náà ni wọ́n sì máa ń bà jẹ́ jù. Lílé àti gbígbè ni. Dùùrù á dá lé e, àwọn yòókù á fi ohùn méjì péré gbè é, bí ìgbà tí ìjọ ń ṣe àmín. Nígbà tí ẹ bá tún un kọ, fèrè ló ń lé, dùùrù, bass àti ìlù ló ń gbè. Ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti lù láàárín lílé àti gbígbè ló gbé orin náà ró. Onílù tí kò lè dákẹ́ á fi hi-hat (àwo irin méjì tí ẹsẹ̀ ń pa dé) kún àlàfo yẹn, oníbass á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kó tó dé apá kẹta, orin á sì di yẹ́púyẹ́pú. Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ìgbáradì àkọ́kọ́ jẹ́ ti orin gan-an nìkan, kí ẹnikẹ́ni má dá fọn rárá. Ẹ máa lé e, ẹ máa gbè é, títí ohùn méjì yẹn á fi máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí á sì máa gé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ̀n 116 sí 126 ìdún ní ìṣẹ́jú kan ló dára. Bó bá yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò ní sí ìrora kankan nínú rẹ̀ mọ́.

Ohun tó ń pa alẹ́ ìrántí ni pé gbogbo ọmọ iṣẹ́ ló fẹ́ dá fọn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Báà 32 (ìdún mẹ́rin ni báà kan) ni ọ̀yípo kan nínú "Moanin'"; ní ìwọ̀n 120, ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bí èèyàn mẹ́wàá bá gba ọ̀yípo méjì-méjì, ìṣẹ́jú 21 ti lọ lórí orin kan, àwọn ará ilé olóògbé á sì ti máa wo aago. "Blues March" ti Golson ni kí ẹ kó èrò sí. Báà 12 péré ni, ọ̀yípo kan kò ju ìṣẹ́jú-àáyá 24 lọ. Ọ̀yípo kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èèyàn mẹ́wàá á parí ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ẹ kọ bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ léra sínú ìwé ńlá, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀ níwájú wọn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú ṣíṣẹ́. Orin yìí náà ni kí ẹ fi kádìí ètò, kí àwọn tó bá fẹ́ náwó sì dúró dè é, torí ẹni tó ń gba owó níwájú orí kò lè fọn trumpet.

Ẹrù tó wúwo jù wà lórí onílù, pàápàá tó bá jẹ́ Blakey lẹ ń rántí. Ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni ìlù kíkì lórí snare, ìlù kékeré tó ń dún ṣáká níwájú onílù, tó máa ń ti ìsàlẹ̀ gbéra, tí á wú, tí á sì ju ẹni tó kàn sókè. Bí ẹ ṣe máa kọ́ ọ nìyí. Ẹ di ọ̀pá mú ṣẹ́lẹ́ṣẹ́lẹ́, ẹ tẹ orí rẹ̀ mọ́ awọ kó máa ta lọ́pọ̀ ìgbà. Kí ọwọ́ kejì balẹ̀ kí ti àkọ́kọ́ tó kú. Etí ìlù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa sún bọ̀ ní àárín bó ṣe ń wú. Ẹ fi ìwọ̀n 60 dánra wò: báà mẹ́rin, ìṣẹ́jú-àáyá 16, láti orí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ dé orí ariwo. Ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi hi-hat sílẹ̀ lórí ìdún kejì àti ìkẹrin báà kọ̀ọ̀kan ní gbogbo àkókò yìí. Tí ìlù bá ń dún gì-gì bí ìgbà tí nǹkan há, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jù. Tí kò bá ní ibi tó fẹ́ wú dé, ẹ ti pariwo tẹ́lẹ̀. Lórí báà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ẹni tó ń parí lọ ni kó ti wáyé, kì í sì í ṣe fún gbogbo èèyàn.

Blakey tún máa ń fi ìgúnpá tẹ awọ tom, ìlù tí kò ní okùn irin lábẹ́ bíi snare, nígbà tó ń lù ú, kí ohùn rẹ̀ lè gòkè, bí onígángan ṣe ń fún ọsán. Ẹ má dán an wò lórí awọ tó ti gbó.

Ẹni tó bá fẹ́ mú gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọlé kò ṣẹ̀ rárá. Ní oṣù Kìíní 1962, Blakey kó àwọn onílù jọ fún àwo The African Beat, Solomon Ilori, ọmọ Yorùbá, sì fi àdúrà ṣí i. Orin rẹ̀ "Ife L'Ayo" wà nínú rẹ̀. Inú orin yìí ni kí ẹ lò wọ́n sí. Nínú "Moanin'", wọ́n á kàn dí àlàfo tí à ń ṣọ́ ni. Tony Allen lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 2017: ó lu orin mẹ́rin Jazz Messengers fún ilé iṣẹ́ àwo Blue Note pẹ̀lú ọwọ́ afrobeat rẹ̀. Ẹni tó ti ní ọwọ́ tirẹ̀ nìyẹn yẹ. Ẹni tó ṣì ń wá ọwọ́, kó lù ú bó ṣe wà.

Orin kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti àwọn ọmọdé nìkan, láìsí àgbà kan lẹ́yìn wọn tí yóò gbà wọ́n sílẹ̀. Lee Morgan tó fọn trumpet jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí wọ́n gba ohùn "Moanin'" sílẹ̀ ní 1958. Wynton Marsalis, afọntrumpet náà, jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tó wọ ẹgbẹ́ ní 1980. Ní Birdland, ilé ijó jazz kan ní New York, lọ́dún 1954, Blakey sọ fáwọn èrò pé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé lòun máa wà, pé báwọn yìí bá dàgbà jù, òun á wá àwọn tó kéré sí wọn. Orin kẹta ni kí ẹ fún wọn. Èrò ṣì ń wá ìjókòó nígbà orin àkọ́kọ́.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ohun kan ṣoṣo tí ọ̀gá fi kọ́ ọ, kí ẹgbẹ́ sì lù ú lójú ẹsẹ̀. Kí alága ìdúró pe orúkọ olórin kọ̀ọ̀kan àti ohun èlò rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, bí Blakey ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó sọ ọ́ di òde ìkómọ.

Àkójọ ìlù (dírọ́ọ̀mù) kan ṣoṣo ni kí gbogbo onílù lò. Pípààrọ̀ rẹ̀ a máa gba tó ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin nígbà kọ̀ọ̀kan. Kálukú mú ọ̀pá tirẹ̀ wá. Bó bá jẹ́ kíbọ́ọ̀dù lẹ ní dípò dùùrù, ohùn dùùrù lásán ni kí ẹ yàn. Bí ẹ bá fẹ́ gbé fídíò rẹ̀ sórí YouTube, ẹ kọ orúkọ ẹni tó kọ orin kọ̀ọ̀kan sábẹ́ rẹ̀: Timmons ló ni "Moanin'", kì í ṣe Blakey.