Wíwọn etí òwìwí: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

Àṣìṣe tó pọ̀ jù níbi wíwọn etí òwìwí, ìyẹn bó ṣe ń gbọ́ràn tó, ni pé etí ara wa la fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Òwìwí olójú funfun tó máa ń gbé inú àjà ilé ni mò ń sọ, èyí tí igbe rẹ̀ ń já àwọn èèyàn wa láyà lóru.

Ẹ má ṣe dá ìdánwò dúró ní odo decibel (decibel ni a fi ń wọn bí ìró ṣe ń pariwo tó). Odo yẹn kì í ṣe ìdákẹ́rọ́rọ́. Ibi tí etí ọ̀dọ́ tó dá ṣáṣá ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ni. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 1998, òwìwí gbọ́ ìró kilohertz 6.3 (kilohertz ni a fi ń wọn bí ohùn ìró ṣe ga sókè tó) tó fi nǹkan bíi decibel 14 rẹlẹ̀ ju odo lọ. Yàrá tó dákẹ́ létí yín lè máa pariwo létí rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù àti fáànù kọ̀ǹpútà á bo ìró kékeré yẹn mọ́lẹ̀, èsì á wá sọ pé etí ẹyẹ ń di.

Ibi tí orí ẹyẹ máa wà ni kí ẹ gbé máìkì sí nígbà tí ẹ bá ń wọn ìró, kì í ṣe ẹnu súpíkà. Ẹ má sì ki iafóònù bọ̀ ọ́ létí láìronú: ìyẹ́ tó yí ojú rẹ̀ ká bí àwo ló ń kó ìró jọ, iafóònù ti fo àwo yẹn dá.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti oúnjẹ. Níbi ìdánwò ní Oldenburg ní Jámánì, òwìwí á jókòó sórí igi kan. Tó bá gbọ́ ìró, á fò lọ sórí igi kejì, á sì rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀. Ẹyẹ tí ebi ń pa lè fò láìgbọ́ nǹkan kan. Ẹ máa fi ìgbà tí kò sí ìró rárá sáàárín, kí ẹ ka iye ìgbà tó fò lásán. Láìsí èyí, ẹ ò ní mọ̀ bóyá etí lẹ wọ̀n tàbí ebi.

Àwọn mìíràn a máa fún un ní abẹ́rẹ́ oorun, kí wọ́n fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ka ìdáhùn iṣan etí. Ó yá lóòótọ́, àmọ́ nọ́ńbà decibel tí ẹ máa rí gbà níbẹ̀ máa ń ga ju ti ẹyẹ tó lajú sílẹ̀. Ẹ má fi wọ́n wéra.

Ẹ má sì di ẹ̀bi ru ọjọ́ orí. Nínú ìwádìí Oldenburg tó jáde ní 2017, òwìwí kan tó ń jẹ́ Weiss ti pé ọmọ ọdún 23, etí rẹ̀ ṣì já geere. Tí òwìwí àgbà ò bá gbọ́ lọ́dọ̀ yín, súpíkà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.