Bẹ́ ẹ ṣe lè sin ẹlẹ́dẹ̀ sẹ́yìnkùlé kí ìgbẹ́ gbuuru má wọlé bá ọmọ

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹran sílé bíi tèmi, ẹ jẹ́ n bi yín, níbo ni sílípáàsì tẹ́ ẹ fi ń wọ ilé ẹlẹ́dẹ̀ wà báyìí? Tó bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì ló wà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Èmi náà ò ka ìyẹn sí títí dọjọ́ tí mo bá ọmọ àbúrò mi, ọmọ oṣù mẹ́jọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò, tó gbé ẹsẹ̀ kan sílípáàsì yẹn sẹ́nu, ó ń fi eyín méjì tó ní họ ọ́ bí ẹni ń jẹ àgbàdo, ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ tó ti gbẹ sì wà lábẹ́ ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kílẹ̀ tó ṣú ó ti ń ya ìgbẹ́ bí omi. Ìyá wa ní eyín ló ń hù. Mi ò lè búra pé sílípáàsì ló fà á, a ò gbé e lọ fún tẹ́ẹ̀sì, àmọ́ àtọjọ́ náà ni mo ti yí ọwọ́ padà.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní rotavirus, tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ń ṣe ọmọ èèyàn, ó ń ṣe ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, ọmọ màálù, títí dórí ọmọ ajá. Lóòótọ́ kálukú ló ní tiẹ̀, tẹlẹ́dẹ̀ kì í sábà bá èèyàn jà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ohun àbùdá (gene) tó wà nínú kòkòrò yìí pín sọ́nà 11, tí oríṣi méjì, bíi tèèyàn àti ti màálù, bá pàdé nínú ikùn ẹnì kan, wọ́n lè da ara wọn pọ̀ bí ìgbà téèyàn da káàdì whot méjì pọ̀ tó sì tún un pín, òmíì tó jáde á gbé ti màálù dání. Kódà ara ọmọ ìkókó kan ní Íńdíà ni wọ́n ti rí kòkòrò tí wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára Rotavac (ẹ̀kán ni wọ́n ń kán an sẹ́nu, kì í ṣe gígún), nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀kan nínú ọ̀nà 11 yẹn, ti màálù ni.

Hepatitis E, fáírọ́ọ̀sì tó ń bá ẹ̀dọ̀ jà, tún yàtọ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ tó ní in á máa jẹun, á sanra, ẹ ò ní mọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú ìgbẹ́ ẹ̀ àti nínú ẹ̀dọ̀ ẹ̀. Èyí tó ń sọ ara rẹ̀ di ibà pọ́njú fún èèyàn nìyẹn. Ó pa mí lẹ́rìn-ín o, lọ́dún 2020 tí àrùn African swine fever ń pa ẹlẹ́dẹ̀ ní Òkè-Aró, ibi tí wọ́n ti ń sin ẹlẹ́dẹ̀ rẹpẹtẹ, àwọn èèyàn ń sá fún ẹran ẹlẹ́dẹ̀ kí wọ́n má bàa kó o, àrùn yẹn ò sì lè ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Èyí tó lè ṣe wọ́n, wọn ò bẹ̀rù ẹ̀.

Ó yá, iṣẹ́ dà? Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí bàtà. Ẹ ya bàtà kan sọ́tọ̀ fún ilé ẹran, rénbúùtù ló dáa jù, kẹ́ ẹ kan ìṣó méjì mọ́ ara ògiri ilé ẹran yẹn kẹ́ ẹ máa fi í kọ́ síbẹ̀, kó má wọ agbo ilé láéláé. Aṣọ náà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́, omi àti ọṣẹ ni o, ẹ fọ abẹ́ èékánná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi sanitáísà nu ọwọ́ tí ìgbẹ́ wà lára ẹ̀, ẹ̀ ń tan ara yín jẹ, kò lè ríṣẹ́ ṣe lórí ọwọ́ ẹlẹ́gbin, àwọn fáírọ́ọ̀sì ikùn kan sì wà, bíi norovirus, tí ọtí inú ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ pa.

Ilẹ̀ ilé ẹran, ẹ kọ́kọ́ gbá a, kẹ́ ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ ṣàn án dáadáa, ẹ̀yìn náà lẹ wá da Hypo tàbí Jik lé e, ife kan sí ife omi mẹ́sàn-án, ẹ fi sílẹ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má dà á sórí ìtọ̀ tí kò tíì gbẹ o, èéfín tó máa yọ á fún yín lọ́fun, ẹ má sì pò ó mọ́ Izal. Ìgbẹ́ tútù, ẹ má kó o sídìí ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ máa já jẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ kó o jọ kó jẹrà. Kànga sì ní láti jìnnà sí ilé ẹran, ó kéré tán mítà 30.

Tẹ́ ẹ bá pa ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀dọ̀ yẹn, ẹ bọ̀ ọ́ kó jinná dénú kẹ́ ẹ tó yan án. Hepatitis E lágídí, nínú àyẹ̀wò, ooru 71°C fún ìṣẹ́jú 20 ló tó pa á tán. Ọ̀bẹ tẹ́ ẹ fi gé e ní tútù, ẹ má fi gé tòmátì.

Tí ọmọ bá ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́, omi ara ẹ̀ ló ń tán, ìyẹn ló ń pani. Ẹ ra ORS (ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi) pẹ̀lú zinc. Tí kò bá sí, pure water 50cl méjì, ẹ dà á sínú jọ́ọ̀gì, ṣíbí tíì kékeré mẹ́fà ṣúgà, ìdajì ṣíbí iyọ̀, kí ṣíbí ṣe rẹ́gí, kó má ga. Ẹ máa fi ṣíbí bu ú fún un díẹ̀díẹ̀, tó bá bì í, ẹ sinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ọmú kò gbọ́dọ̀ dúró. Flagyl kì í pa fáírọ́ọ̀sì, ẹ fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Tí àwùjẹ bá ti jìn, tó ń sunkún tí omijé ò jáde, tí kò tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ọsibítù ni, lóru lóru.

Ẹ̀kán àjẹsára rotavirus wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní Nàìjíríà láti oṣù kẹjọ ọdún 2022, ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ni wọ́n ń fún ọmọ. Ẹ wo káàdì.

Ọmọ tí ara ẹ̀ ti yá ṣì lè máa ṣu kòkòrò yẹn fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ọ̀nà sì ni lílọ àti bíbọ̀, ẹran náà lè kó tèèyàn. Pampers tí àbúrò mi ń jù sẹ́yìnkùlé, ajá wa ló ń fà á ya, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ á sì wá jẹ ìyókù. Bokítì onídèérí kan ni mo rà, mo gbé òkúta lé e lórí, torí ajá yẹn ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i.