Linux kọ̀ láti wọlé látorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì: bí a ṣe ń wá ibi tó ti há

Ẹ má tíì tú sáfà palẹ̀. Nínú PXE, ìyẹn ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà bẹ̀rẹ̀ látorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àdírẹ́sì ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń tọrọ lọ́wọ́ DHCP, kó tó gba fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ TFTP; ẹ̀yìn ìyẹn ni kernel (ọkàn Linux) àti initrd (àkójọ fáìlì tí kernel fi ń bẹ̀rẹ̀) máa ń wọlé. Nọ́ńbà tó bá yọ lójú kọ̀ǹpútà ló ń sọ ibi tó ti há. Ẹ yára fi fóònù yà á, torí kì í pẹ́ pòórá.

PXE-E61 sábà máa ń jẹ́ ọ̀ràn wáyà. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

PXE-E51: DHCP ò dáhùn. Ẹ tẹ èyí lórí sáfà, kí ẹ wá tan kọ̀ǹpútà náà:

tcpdump -ni eth0 port 67 or port 68

Bí ìbéèrè bá ń wọlé tí ìdáhùn ò jáde, dnsmasq (ètò tó ń ṣe iṣẹ́ DHCP lórí sáfà) tàbí firewall (ètò tó ń dí ohun tó ń gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá) ni kí ẹ yẹ̀ wò. Bí nǹkan kan ò bá wọlé rárá, ó lè jẹ́ VLAN (ìpín nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ya kọ̀ǹpútà àti sáfà sọ́tọ̀), ó sì lè jẹ́ switch: spanning tree (ètò inú switch tó ń dènà kí ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì má yí po) lè ti ojú ihò (port) pa fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, PXE á ti jáwọ́. Ẹ fi switch kékeré olówó pọ́ọ́kú sáàárín kọ̀ǹpútà àti switch yẹn. Bó bá ṣiṣẹ́, ẹ tan portfast (ètò tó ń jẹ́ kí ihò ṣí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀) lójú ihò yẹn.

PXE-E53: àdírẹ́sì dé, orúkọ fáìlì ò dé. Lọ́pọ̀ ìgbà, router ló ti ṣáájú sáfà yín dáhùn. Ẹ pa DHCP tirẹ̀.

PXE-E32: TFTP ò dáhùn. Àwọn kan á ṣí 69 ti TCP lórí firewall, bẹ́ẹ̀ UDP ni TFTP ń lò.

Èyí tó ń dààmú èèyàn jù ò ní nọ́ńbà: fáìlì wọlé, ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, ó padà sí mẹ́nù. Fáìlì pxelinux.0 ti BIOS (ètò ìbẹ̀rẹ̀ àtijọ́ inú kọ̀ǹpútà) lẹ ń fún ẹ̀rọ UEFI (èyí tuntun tó rọ́pò rẹ̀) nìyẹn. Nínú dnsmasq:

dhcp-match=set:efi,option:client-arch,7
dhcp-boot=tag:efi,shimx64.efi
dhcp-boot=tag:!efi,pxelinux.0

Secure Boot (ààbò UEFI) ò ní gba grub (ètò tó ń gbé kernel wọlé) tí kò ní àmì àṣẹ tó mọ̀. Ìdí tí shim (ètò kékeré tí Secure Boot gbà) fi ń ṣáájú nìyẹn. Ẹ fi grubx64.efi sínú fódà kan náà pẹ̀lú rẹ̀, lẹ́tà kékeré ni o, torí Linux ò ka lẹ́tà ńlá àti kékeré sí ọ̀kan náà.

Bí kernel bá ti wọlé tí Ubuntu Server 24.04 wá dákú, ẹ wo RAM: inú rẹ̀ ló ń kó ISO (fáìlì ìfisórí Ubuntu lódindi) tó ju 2 GB lọ sí. Ti Debian tó bá ń ké pé “No kernel modules were found”, netboot.tar.gz (àkójọ fáìlì tí ẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ Debian látorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) yín ti gbó. Ẹ gba tuntun.