Bí A Ṣe Ń Fi Àwọn Iléèwé Gírámà Ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde Wé Ara Wọn

Nígbà tí ọmọ bá fẹ́ wọ iléèwé gírámà, tàbí tí ó bá ṣe ìdánwò JSS3 tán tí ó sì fẹ́ bọ́ sí SS1, orúkọ iléèwé ni ọ̀pọ̀ òbí ní Ìjẹ̀bú-Òde máa ń kọ́kọ́ wò. Orúkọ náà kì í ṣe ohun kékeré lóòótọ́. Ijebu-Ode Grammar School ti wà láti ọdún 1913. Adeola Odutola College, tí wọ́n ń pè ní Olu-Iwa College tẹ́lẹ̀, ń jẹ́ orúkọ oníṣòwò ńlá tí ó dá a sílẹ̀. Síbẹ̀, olùkọ́ tí ó wà ní kíláàsì lónìí ni yóò kọ́ ọmọ yín, kì í ṣe èyí tí ó kọ́ bàbá rẹ̀, nítorí náà ohun tí ń lọ níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ ni kí ẹ fi wé ara wọn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èsì ìdánwò WAEC. Kírẹ́díìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú rẹ̀, ni yunifásítì ń béèrè fún ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, C6 sì ni kírẹ́díìtì tí ó kéré jù. Ẹ béèrè iye ọmọ tí ó ní i nínú ìdánwò kan ṣoṣo, kí ẹ sì béèrè ti ọdún mẹ́ta, nítorí ọdún kan lè ṣe kòńgẹ́ àwọn ọmọ tí orí wọn pé. Ibi tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà ni pé wọn kì í béèrè iye ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ SS1. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọmọ 120 bẹ̀rẹ̀ ní iléèwé kan, 60 ni wọ́n gbà láyè láti ṣe ìdánwò, 48 sì yege: pírínsípà yóò sọ pé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó yege. Ní iléèwé kejì, ọmọ 120 bẹ̀rẹ̀, 110 ṣe ìdánwò, 66 yege, èyí tí ó jẹ́ ìdá 60. Bí a bá kà á láti orí àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀, ìdá 40 ni ti àkọ́kọ́, ìdá 55 ni ti èkejì. Iléèwé kejì ni èmi yóò mú ọmọ mi lọ, àfi bí àwọn tí kò sí mọ́ ní àkọ́kọ́ bá kàn kó lọ sí ìlú mìíràn, èyí tí ó yẹ kí ẹ béèrè.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè nípa olùkọ́, kì í ṣe iye wọn lápapọ̀, bí kò ṣe ẹni tí ń kọ́ Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́místrì. Nítorí pé yunifásítì ẹ̀kọ́ olùkọ́ tí a fi orúkọ Tai Solarin pè wà ní Ìjagun nítòsí wa, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ sábà máa ń wà ní àwọn iléèwé wa fún ìgbà díẹ̀, àwọn agùnbánirọ̀ náà sì máa ń wà níbẹ̀ títí ọdún ìsìnlú wọn yóò fi pé. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ gidi, ó sì yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé agùnbánirọ̀ nìkan ni olùkọ́ Físíìsì, ta ni yóò kọ́ àwọn ọmọ náà nígbà tí ó bá lọ? Ìbéèrè yìí kò ní ìwà ìyájú nínú rárá. Ẹ bi pírínsípà pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ẹ ní kí wọ́n mú yín dé yàrá iṣẹ́ àṣefihàn sáyẹ́ǹsì (laboratory). Akẹ́kọ̀ọ́ tí iléèwé forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún WAEC gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àṣefihàn ní Kẹ́místrì àti Físíìsì. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi wò bóyá omi ń jáde. Ẹ wò bóyá eruku ti bo àwọn ìgò tàbí bóyá ọwọ́ ń kàn wọ́n.

Èyí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù lọ kò nílò ìyọ̀ǹda pírínsípà. Ẹ wá ọmọ aládùúgbò tàbí ọmọ ìjọ yín tí ó wà ní SS2 ní iléèwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tọrọ ìwé àkọsílẹ̀ Ìṣirò rẹ̀ lọ́wọ́ òun àti òbí rẹ̀. Ẹ wo déètì orí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: bí ó bá fo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà tí sáà ń lọ lọ́wọ́, a jẹ́ pé kò sí olùkọ́ tàbí pé ọmọ náà ni kò lọ. Ẹ wo bíírò pupa: ṣé máàkì lásán ni olùkọ́ ń fà kọjá, àbí ó ń tọ́ka sí ibi tí ọmọ ti ṣì í, tí ọmọ náà sì tún un ṣe nísàlẹ̀? Ìwé méjì tàbí mẹ́ta láti iléèwé kan tó láti fi òye ibẹ̀ hàn yín.

Ní ti owó, ẹ ṣírò owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, aṣọ iléèwé, ìwé, àti owó kẹ̀kẹ́ Màrúwá tàbí ọ̀kadà lójoojúmọ́ fún sáà kan gbáko. Ọ̀nà jíjìn lè mú kí ọmọ máa pàdánù ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ láràárọ̀, Ìṣirò ni ó sì sábà máa ń jẹ́. Bí iléèwé méjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú èsì àti olùkọ́, ẹ mú èyí tí ó sún mọ́ ilé. Ṣùgbọ́n bí èyí tí ó sún mọ́ ilé kò bá ní olùkọ́ Ìṣirò tí ó dúró, ẹ san owó ọkọ̀ náà.