Fínígà ni kẹ́ ẹ fi ká èépá funfun inú kẹ́tùlù yín, ẹ má fi ọ̀bẹ ha á mọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo omi bọ́họ̀ àbí omi kànga n'Ílọrin níbí, ẹ ṣí kẹ́tùlù iná yín wò. Ọ̀pọ̀ nínú yín máa rí nǹkan funfun kan tó lẹ̀ mọ́ ìdí ẹ̀, tó le gbagidi, tẹ́ ẹ bá fi èékánná họ ọ́ á máa bó wẹ́wẹ́ bí ẹfun. Ìgbà míì ẹ máa da tíì sínú kọ́ọ̀bù, èérún ẹ̀ á wá máa léfòó lójú tíì. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ẹ ò mọ ilé tọ́jú o. Inú ilẹ̀ ló ti wá. Omi tó gba inú òkúta àti iyẹ̀pẹ̀ kọjá máa ń kó kálísíọ̀mù dání, òun náà ló fà á tí ọṣẹ kì í fi í tètè hó nínú omi míì, tẹ́ ẹ bá wá sè é, kálísíọ̀mù yẹn á yọra ẹ̀ kúrò nínú omi, á lọ dì mọ́ ibi tó gbóná.

Èmi náà ti fi ọ̀bẹ ha á rí. Kẹ́tùlù tí mo kọ́kọ́ rà nígbà tí mo kó dé Tanke, mo ha ìdí ẹ̀ títí apá fi ń ro mí, ó mọ́ lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà ni èépá tuntun ti kọ́kọ́ dì padà, nígbà tó yá ó tún bẹ̀rẹ̀ sí dípẹtà. Ìyá kan tó ń ta tíì àti búrẹ́dì ládùúgbò wa ló sọ fún mi pé fínígà ni kí n rà, kí n fi sùúrù sí i.

Fínígà funfun lẹ máa rà, èyí tó mọ́ gaara bí omi, kò ní kun nǹkan láwọ̀. Ẹ wo ara ìgò ẹ̀, ẹ máa sábà rí 4% tàbí 5%. Ásíìdì inú ẹ̀ nìyẹn, òun ló ń jẹ kálísíọ̀mù. Tẹ́ ẹ bá dà á lé èépá yẹn, ẹ máa rí i tí á máa hó ṣuru, gáàsì kan náà tó wà nínú mínírà ló ń jáde yẹn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe kẹ́tùlù rèé. Ẹ bu fínígà àti omi lógbọọgba sínú ẹ̀, kó ṣáà ti bo ibi tí èépá wà, ẹ má jẹ́ kó kún torí ó máa ń ru gan-an. Ẹ ṣí fèrèsé, òórùn ẹ̀ máa ń ta síni nímú. Ẹ sè é kó hó, ẹ pa á, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan. Tí ò bá síná, ẹ dà á síbẹ̀ ní tútù kó sùn mọ́jú, á ṣiṣẹ́ náà. Tẹ́ ẹ bá dà á nù, ẹ fi fóòmù rírọ̀ nu inú ẹ̀, kì í ṣe súpọ́ńjì onírin o, kẹ́ ẹ wá ṣàn án dáadáa, ẹ se omi lásán lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ dà á nù kẹ́ ẹ tó fi pọn tíì. Èyí tó bá ti pẹ́ gan-an, ẹ lè ní láti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹnu ẹ̀rọ àti ṣáwà ńkọ́? Ẹ bu fínígà sínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ẹ ki ẹnu ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, ẹ fi rọ́bà dè é, tó bá ti tó wákàtí kan ẹ tú u. Ẹ má jẹ́ kó sùn síbẹ̀, ó lè ba dídán ara irin yẹn jẹ́. Ihò ṣáwà tó bá ṣì dí, ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan gún un.

Bútà àlùwàlá náà máa ń dì nínú. Fínígà díẹ̀, omi díẹ̀, ẹ mì í, ẹ fi sílẹ̀ díẹ̀, ẹ ṣàn án. Gíláàsì fèrèsé lásìkò ọyẹ́, ife fínígà kan sí ife omi mẹ́rin, ẹ fi ìwé ìròyìn àtijọ́ nù ún.

Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ jù: ẹ má da fínígà pọ̀ mọ́ háípò láé. Mo mọ̀ pé tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí, ẹnì kan á ti da háípò síbẹ̀ láàárọ̀, ẹlòmíì á wá da fínígà lé e. Gáàsì kilorínì ló máa jáde níbẹ̀, ó máa ń fún èèyàn lọ́fun, ó sì lè ṣeni léṣe gidi, pàápàá ọmọdé àti ẹni tó ní ikọ́ fée. Tẹ́ ẹ bá ti lo háípò, ẹ ṣàn án kúrò dáadáa, fínígà di ọjọ́ míì.

Ẹ má sì dà á sórí tẹ̀rásò tàbí mábù. Kálísíọ̀mù tẹ́ ẹ̀ ń lé kúrò nínú kẹ́tùlù yẹn náà ló pọ̀ nínú mábù, fínígà ò mọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ àti èyí tẹ́ ò fẹ́. Àbúrò ìyá mi l'Ọ́fà fi nu tẹ̀rásò pálọ̀ wọn, ibẹ̀ ṣú títí dòní, dídán ẹ̀ ò padà wá. Ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù náà, ẹ má fi fínígà sínú ẹ̀ pẹ́.

Àwọn kan máa ń po kaun tàbí bákìn sódà mọ́ ọn, torí ó ń hó pìtìpìtì, wọ́n á rò pé agbára ló fi pọ̀ sí i. Fínígà àti kaun tàbí sódà yẹn kàn ń pa agbára ara wọn ni, omi tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lè jẹ èépá mọ́. Fínígà nìkan ti tó. Tó bá sì tán nílé, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ bíi márùn-ún sínú omi kẹ́tùlù, ẹ sè é bákan náà, èépá tí ò tíì nípọn á ká.