Ilẹ̀kùn kọ́ ló gé mi níka: ohun tó yẹ kí ẹ ṣe bí ẹ bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́

Orí ìka àárín ọwọ́ òsì mi kò sí mọ́. Ẹ̀rọ tí a fi ń gé bébà nílé ìtẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá ló mú un lọ, lásìkò ìdìbò tí iṣẹ́ pósítà pọ̀ débi pé a ò rí oorun sùn. Kí n tó lajú, ọmọ iṣẹ́ kan ti da kẹrosíìnì tí a fi ń nu íńkì sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Píọ̀ wọ́tà ni kí ẹ fi ṣàn án, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà dáadáa, kí ẹ sì gbé ọwọ́ sókè ju àyà lọ. Bí ìka bá já, ẹ wá a. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ rẹ sómi wé e, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ di ọ̀rá náà lẹ́nu, kí ẹ wá gbé e lé píọ̀ wọ́tà tó ti dì. Kí yìnyín má kan ẹran ara. Tèmi bọ́ sáàárín ègé bébà, wọ́n sì gbá a dànù.

Lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn ni ọ̀gá mi ti ní, "Ọmọ mi ni ọ́. Bí wọ́n bá bi ọ́, ilẹ̀kùn ilé ló gé ọ." Òun ló sanwó abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, òun ló sanwó rírán, ojú sì ń tì mí. Nọ́ọ̀sì kọ "ilẹ̀kùn" sí káàdì mi. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, tí owó oṣù ti dáwọ́ dúró, káàdì yẹn ni wọ́n nà sí mi níbi iṣẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀rọ wọn ló gé mi. Ohun tó bá gé yín gan-an ni kí ẹ sọ. Ọ̀nà mìíràn wà tí a lè gbà bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé. Òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ fún yín ní ọjọ́ 14 láti fi tó ilé iṣẹ́ létí. Kò gba lọ́yà: orúkọ yín, ọjọ́ àti àsìkò, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó fà á, ó tán. Kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ náà gan-an. Irin tó yẹ kó bo ọ̀bẹ tiwa ti kúrò fún bí oṣù mẹ́rin, ọjọ́ kejì ni wọ́n so ó padà.

Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti sọ fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń san owó gbà-má-bínú náà. Bó bá dákẹ́, ẹ gba ọ́fíìsì wọn n'Ìbàdàn lọ fúnra yín kó tó pé ọdún kan. Àwọn agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó náà. Wọn ò gbọdọ̀ yọ ọ́ nínú owó oṣù yín. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wà nínú òfin yìí, lébìrà náà wà níbẹ̀, kódà bó jẹ́ ẹnu lásán ni wọ́n fi gbà yín. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ ti yọ̀ǹda ẹ̀tọ́ yín, òfin ò ka irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sí.

Ọdún kan ti kọjá lórí tèmi kí n tó gbọ́ gbogbo èyí. Oṣù tó kọjá ni ààrò jó àbúrò mi lọ́wọ́ ní ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó pè mí látorí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, ó ní ọ̀gá àwọn ní kí òun sọ pé omi gbígbóná ilé ni. Mo ní kó gbé fóònù fún nọ́ọ̀sì.